Kíkọ́ olùtọ́jú láti dá OCD mọ̀, kí ó sì wò ó: bí a ṣe ń ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́

Gbólóhùn kan wà tí àwọn tó ní àìsàn yìí máa ń sọ fún mi, yálà akẹ́kọ̀ọ́ ni o, yálà ìyá tó ń ta láfún ni: "Mo mọ̀ pé mo ti tì í, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà." Ilẹ̀kùn ni ẹni yẹn ń wí. Ẹlòmíì á ní òun mọ̀ pé ọwọ́ òun ti mọ́, ọkàn òun ò gbà. Òmíì á ní òun mọ̀ pé òun ò sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run, ọkàn òun ò gbà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ èèyàn láti tọ́jú àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní OCD (obsessive-compulsive disorder), níbi tí èrò tí èèyàn ò fẹ́ ti ń padà wá, tó sì ń mú un ṣe ohun kan náà léraléra, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn náà mọ̀. Ọkàn ni ò gbà. Ohunkóhun tí a bá sì sáré ṣe kí ọkàn yẹn lè gbà lójú ẹsẹ̀, òun gan-an ló ń bọ́ àìsàn náà.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ yìí fi le láàárín wa. Bí a bá rí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wa ni "fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan kan". Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́, pásítọ̀ ń sọ ọ́, ìyá àgbà ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ní OCD, ó dà bí omi iyọ̀ lẹ́nu ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ìwé kì í pẹ́ yé àwọn tí mo ń kọ́. Ahọ́n wọn ló máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó ṣeé kó níjàánu.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, tí ẹ fẹ́ kọ́ àwọn tó wà lábẹ́ yín, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ 12 ni mo máa ń lò, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ ṣa àwọn tí ẹ ó kọ́

Kí wọ́n má ju mẹ́jọ lọ, kí wọ́n sì ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá. Nọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta, tíṣà tó ń gba ọmọ ilé ìwé nímọ̀ràn, ẹni tó ń bójú tó ìdílé àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wà ní ìlú yìí láti 1898. Ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀. Ẹ mú ọ̀dọ́ alfa kan náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀sìn, ẹ ó rí i pé ẹ nílò àwọn méjèèjì.

Ìdánwò kan péré ni mo ń fún wọn kí n tó gbà wọ́n. Mo máa sọ ìtàn ìbànújẹ́ kan, màá wá dákẹ́. Ẹni tó bá lè jókòó fún ìṣẹ́jú kan láìfi ọ̀rọ̀ dí ojú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, òun ni mò ń wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: inú orí tiwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò

Ẹ má tíì gbé ìwé síta. Ẹ pín pépà pélébé fún wọn, kí kálukú kọ èrò burúkú kan tó ti já wọ ọkàn rẹ̀ rí láìròtẹ́lẹ̀, èyí tí kò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n má kọ orúkọ. Kí gbogbo wọn lo bírò aláwọ̀ kan náà, kí wọ́n sì fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ọwọ́ ẹnìkejì mọ̀. Ẹ kó wọn sínú igbá, ẹ rò wọ́n pọ̀, kí ẹ wá máa kà wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan.

Irú ohun tó máa ń jáde nìyí. "Mo gbé ọmọ mi dúró lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó kàn wá sí mi lọ́kàn pé kí n jù ú sílẹ̀." "Mo ń gé ẹran lọ́wọ́, mo bá wo ọrùn ọkọ mi." "Mo wà lẹ́yìn ọ̀kadà ní Táki, ó ṣe mí bíi kí n bẹ́ sílẹ̀." "A ń gbàdúrà lọ́wọ́, èébú ló kún ọkàn mi." "Mo wà lórí ìforíkanlẹ̀, àwòrán ìhòòhò gba iwájú mi kọjá."

Tí ẹ bá ka èyí tó ṣe ìkẹrin, yàrá á pa lọ́lọ́. Olúkúlùkù á máa wo ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ fún wọn pé ní 1978, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn méjì, Rachman àti de Silva, bi àwọn tí ara wọn dá àti àwọn aláìsàn léèrè irú èrò tó máa ń já wọ inú wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ara wọn dá ló ní irú èrò bẹ́ẹ̀, ó sì ṣòro láti fi ohun tí èrò náà dá lé lórí ya tàwọn aláìsàn sọ́tọ̀.

Kí wá ni ìyàtọ̀? Ohun tó tẹ̀ lé èrò náà ni. Ìyá kan á sọ pé "kí tún lèyí?", á sì máa gé ẹran rẹ̀ lọ. Ìyá kejì á bi ara rẹ̀ pé, "Èmi tí mo lè ro irú èyí, irú èèyàn wo ni mí?" Láti ọjọ́ náà, á kó ọ̀bẹ pamọ́, á ní kí àbúrò òun máa wẹ ọmọ, á máa yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò lọ́sàn-án lóru bóyá òun tilẹ̀ fẹ́ràn ọmọ náà. Ibi tí àìsàn ti wọlé nìyẹn.

Mi ò fi ohunkóhun ṣáájú ìdánrawò yìí mọ́. Olùtọ́jú tó bá gbà pé ẹni burúkú nìkan ló ń ro èrò burúkú, ojú rẹ̀ á fi hàn ní ọjọ́ tí aláìsàn bá lajú sọ ọ́. Aláìsàn yẹn ò ní sọ ọ́ mọ́ láéláé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ewúrẹ́ ṣàlàyé

Ewúrẹ́ aládùúgbò wọ àgbàlá yín, ó ń ké. Ẹ ju èèpo ẹ̀gẹ́ sí i kí ó lè dákẹ́. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún dé, ó mú ọmọ rẹ̀ dání. Kò sí ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí èyí kò ní yé.

Ẹ ya òbìrìkítí kan sára pátákó: èrò, ìjayà, àṣetúnṣe, ìrọ̀rùn, kí ọfà sì padà sórí èrò. "Èrò alé-má-lọ" ni mo ń pe èkíní, nítorí bí èèyàn ṣe ń lé e ni ó ń padà. "Àṣetúnṣe" ni èèpo ẹ̀gẹ́. Ìrọ̀rùn tó ń tẹ̀ lé e kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, òun náà ló sì ń kọ́ ọpọlọ pé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́, pé àṣetúnṣe náà ló gbani là.

Ẹ tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé ọwọ́ nìkan kọ́ la fi ń ṣe àṣetúnṣe. Ẹni tó ń ka Sáàmù 91 nínú lẹ́ẹ̀méje kí ó tó lè jáde nílé ń ṣe é. Ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ àná yí lọ́kàn bí ẹni ń wo fíìmù, kí ó lè mọ̀ bóyá òun ṣẹ̀, ń ṣe é. Ẹni tó ń jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ lálaalẹ́, tó ń wá àmì àìsàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń béèrè pé "ṣé ó dá yín lójú?" ń ṣe é. Olùtọ́jú tí kò mọ àwọn wọ̀nyí á ní aláìsàn "kàn ń ronú jù" ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa ya òbìrìkítí náà, títí á fi lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀ yà á láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ṣe èyí. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí a ó gbà, kò sí fọ́tò orí tí a ó yà tó máa fi OCD hàn. Ẹnu ni a fi ń wá a. Àìsàn náà kò sì ṣọ̀wọ́n: bíi èèyàn 2 sí 3 nínú 100 ló ń ní in nígbà kan láyé wọn, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe tàbí ìgbà ọ̀dọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 200 bá jókòó sí yàrá kan ní LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, ó ṣeé ṣe kí mẹ́rin nínú wọn máa jà á lábẹ́lẹ̀.

Wọn ò ní fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ẹnì kan á wá nítorí ọwọ́ tó ń bó. Ọmọ ilé ìwé á wá nítorí pé ó fìdí rẹmi, kò sì ní sọ pé òun ń ka ìlà kan nígbà ogún kí òun tó kọjá sí èkejì. Ìyàwó á mú ọkọ wá pé owó omi ti pọ̀ jù. Ìbéèrè tí mo ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni wọ̀nyí, kí wọ́n mọ̀ wọ́n sórí:

"Ṣé èrò kan wà tó máa ń wá sí yín lọ́kàn, tí ẹ ò fẹ́, tí ẹ bá lé e tó tún padà?"

"Ṣé ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe, tàbí tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ nínú yín, kí ọkàn yín tó gbà?"

"Bí ẹ ò bá ṣe é lónìí, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?"

"Bí a bá kó gbogbo àkókò tó ń gbà lójúmọ́ jọ, wákàtí mélòó ni?"

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. DSM-5, ìwé ìlànà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn ọkàn mọ̀, tó jáde ní 2013, sọ pé kí èrò tàbí àṣetúnṣe náà máa gbà ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, tàbí kí ó máa kó ìnira tó lágbára bá ẹni náà, tàbí kí ó máa ba iṣẹ́ àti ìbágbé rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó padà lọ wo gáàsì lẹ́ẹ̀kan kí ó tó sùn kò ṣàìsàn.

Níbi ìyàtọ̀ sí àìsàn mìíràn, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, tó ń gbọ́ ohùn, á ní ẹlòmíì ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní OCD mọ̀ pé èrò òun ni, kò kàn fẹ́ ẹ ni. Ṣùgbọ́n níbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sọ pé "èṣù ló ń fi sí mi lọ́kàn". Mo ti rí i tí wọ́n torí gbólóhùn yẹn nìkan kọ oògùn àrùn ọpọlọ tí kì í ṣe tirẹ̀ fún ọmọbìnrin kan. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nìyẹn. Kò fi hàn pé orí rẹ̀ yí. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n tún un bi: "Ṣé ẹ ń fi etí gbọ́ ọ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ohùn mi yìí, àbí èrò ni?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà wà níbẹ̀. Fífọ oríkèé àlùwàlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méjìlá, tí ìrun fi kọjá lórí rẹ̀, tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bútà, ohun tí àwọn alfa ń pè ní wáswás ló ń bá jà, ìyẹn sì sábà máa ń jẹ́ OCD. Ìbéèrè tó ń yanjú rẹ̀ rọrùn: "Ṣé báyìí ni alfa yín fúnra wọn ṣe ń ṣe é?" Ẹni tó fẹ́ràn ìmọ́tótó, inú rẹ̀ máa ń dùn sí i, ẹni tó ní OCD, ó ti rẹ̀ ẹ́ tipẹ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì máa ń bá àìsàn yìí rìn, nítorí náà, kí wọ́n má ṣe tijú láti béèrè tààrà bóyá aláìsàn ti ń rò ó pé kí òun pa ara òun.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ìyá ọmọ tuntun. Ó wá, ó ní òun ń rí i lọ́kàn pé òun ń fi ìrọ̀rí bo ọmọ òun lójú. Olùtọ́jú tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, á pe gbogbo ẹbí. Ìyá tí àyà rẹ̀ ń já, tó ń sá fún ìrọ̀rí, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnì kan ti òun mọ́lé, OCD ló jọ. Èyí tó gbà pé ọmọ náà kì í ṣe èèyàn, tí kò sì rí ohun tó burú nínú kí òun pa á, tàbí tí ohùn kan ń pàṣẹ fún, ọ̀ràn pàjáwìrì ni; ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má kúrò lọ́dọ̀ yín láìmọ ìyàtọ̀ yìí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Bí kò bá sì dá a lójú èyí tó jẹ́, kí ó pe ẹni tó mọ̀ ju òun lọ kí ìyá náà tó dìde níwájú rẹ̀.

Fún ìwọ̀n bí ó ṣe le tó, ẹ lo Y-BOCS, ìwé ìbéèrè tí a fi ń wọn OCD, tí Wayne Goodman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1989. Ìbéèrè 10 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 4, àpapọ̀ 40. Láti 8 dé 15, kò le. 16 dé 23, ó wà láàárín. 24 dé 31, ó le. 32 sókè, ó le gan-an. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi èdè Òyìnbó kà á fún ìyá arúgbó. Kí méjì nínú kíláàsì tú u sí Yorùbá, kí méjì mìíràn tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ tú u padà, kí gbogbo yín wá wo ibi tó ti ṣì. Ó sábà máa ń ṣì níbi ìbéèrè méjì kan: ọ̀kan ń béèrè bí aláìsàn ṣe ń gbìyànjú tó láti kọ èrò náà, èkejì ń béèrè bó ṣe ń rí i kọ̀ tó. Ìgbìyànjú yàtọ̀ sí àṣeyọrí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìtọ́jú fúnra rẹ̀

Títí di ọdún 1966, ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé kò sí ohun tí a lè ṣe fún OCD. Ọdún náà ni Victor Meyer, onímọ̀ nípa ọkàn ní London, kọ̀wé nípa aláìsàn méjì tí òun ní kí wọ́n kojú ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, láìjẹ́ kí wọ́n ṣe àṣetúnṣe tó ń tẹ̀ lé e. Àwọn nọ́ọ̀sì ló dúró tì wọ́n tọ̀sán-tòru. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn nọ́ọ̀sì inú kíláàsì mi dáadáa, nítorí wọ́n máa ń rò pé iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni. Edna Foa, onímọ̀ nípa ọkàn ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, wá tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ lé lára tirẹ̀ jẹ́ ìjókòó 17, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 90 sí 120 nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀ẹ̀mejì kò bá ṣeé ṣe nítorí owó ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá ojoojúmọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àkàbà la kọ́kọ́ ń kàn: a ń to ohun tó ń ba aláìsàn lẹ́rù láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó ga jù. Ẹ wo obìnrin tó ń ta láfún ní Sábó, tó ń bẹ̀rù ìdọ̀tí ara owó. Ó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn oníbàárà kọ̀ọ̀kan; àwọn oníbàárà ti ń yẹra fún un nítorí ó ń dá wọn dúró. Ẹ ní kí ó fún ẹ̀rù ní nọ́ńbà, láti 0 dé 100. Fífi ìka kan owó tuntun jẹ́ 25. Gbígba owó tó ti rún, kí ó sì fi ọwọ́ náà fi owó náà sí etí ìró rẹ̀, 40. Kí ó tajà fún oníbàárà mẹ́wàá láìfọwọ́, 65. Kí ó fi ọwọ́ náà gbé ọmọ rẹ̀, 90. Òun ló ń yan àtẹ̀gùn, olùtọ́jú kì í tì í. Olùtọ́jú sì ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan owó náà.

Kí ẹsẹ̀ tó gbé àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ ohun tí ó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: "Inú á run ọmọ mi kí ilẹ̀ tó ṣú." Lẹ́yìn náà kí ẹ jọ wo ìwé náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣìṣe níbí, wọ́n á máa dúró dìgbà tí ẹ̀rù bá di òdo. Kò pọn dandan. Ohun tí aláìsàn nílò ni kí ó rí i pé òun lè gbé ẹ̀rù náà lọ́wọ́, kí òun sì máa tajà òun lọ.

Ẹ lé wọn jáde kúrò ní ọ́fíìsì! Ẹ̀rù owó kò sí lórí tábìlì yín, ọjà ló wà. Ẹ̀rù ilẹ̀kùn wà nílé aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ààlà wà: ohun tí ará àdúgbò tí ara rẹ̀ dá kò ní ṣe, ẹ má ní kí aláìsàn ṣe é. Ó ṣì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kí ó tó jẹun, lẹ́ẹ̀kan, bíi tàwa yòókù.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun ti sọ̀rọ̀ òdì sí Ẹ̀mí Mímọ́, a kì í ní kí ó lọ sọ̀rọ̀ òdì. A lè ní kí ó ka Mátíù 12:31 tó ti ń fò láti ọdún mélòó kan, kí ó sì pa Bíbélì dé láìtọrọ ìdáríjì lẹ́ẹ̀mejìlélógún. Fún èrò tí kò ní ohun àfọwọ́kàn, kí ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ ìtàn tó ń bẹ̀rù sórí fóònù, kí ó máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ahọ́n

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo tọ́jú ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wakọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Gbogbo ihò tí táyà rẹ̀ bá bọ́ sí, ó gbà pé èèyàn ni òun gbá. Á padà, á wò, á tún padà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń bi mí pé, "Ẹ gbà mí, sà, ṣé ẹ rò pé mi ò pa èèyàn?" Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń dáhùn pé, "Ó dá mi lójú, o ò pa ẹnikẹ́ni." Á mí kanlẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á máa lọ. Mo rò pé ìtọ́jú ń lọ dáadáa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó ń pè mí nígbà mọ́kànlá lójúmọ́. Kò padà sójú ọ̀nà mọ́. Èmi ni ó ń padà sọ́dọ̀. Èmi ni mo ti di àṣetúnṣe rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí oṣù mẹ́rin ayé rẹ̀ ni mo fi ṣòfò.

Nítorí náà ni mo ṣe ń lo èkùrọ́ àti agolo. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta jókòó papọ̀. Ọ̀kan ni aláìsàn, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun lọ́kàn balẹ̀. Ọ̀kan ni olùtọ́jú. Ẹ̀kẹta di èkùrọ́ mọ́wọ́. Nígbàkúùgbà tí ìfọ̀kànbalẹ̀ bá yọ́ jáde, ó ju ọ̀kan sínú agolo. "Ó dáa" jẹ́ ọ̀kan. Mímirí jẹ́ ọ̀kan. "Ọlọ́run ò ní jẹ́" ni èyí tó ń yọ́ jù, nítorí a kì í mọ ìgbà tí a ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, agolo á máa dún bí òjò lórí páànù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo ọ̀sẹ̀, títí á fi dákẹ́.

Ẹ fún wọn ní ohun tí wọ́n lè sọ dípò rẹ̀, nítorí ìdákẹ́jẹ́ lásán lè dà bí ìkórìíra:

"Ìbéèrè yẹn tún ti dé. Báwo ló ṣe rí lára yín bí ó ṣe dé yìí?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ jókòó tì í."

"Mo rí i pé ó ń ni yín lára. Mi ò ní dáhùn, mi ò sì ní kúrò lọ́dọ̀ yín."

Ìkẹta yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ kọ́ wọn láti sọ ọ́ pẹ̀lú ojú tó rọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí

Agbo ilé ni aláìsàn yóò padà sí, gbogbo agbo ilé sì ti lè máa sin àìsàn náà láìmọ̀. Ọkọ ń wẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọlé. Ìyá ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, o ti tì í" láti inú oorun. Àwọn àbúrò kì í fọwọ́ kan àwo ẹ̀gbọ́n wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pe ìdílé jókòó, kí ó ṣàlàyé ewúrẹ́ fún wọn láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ sì mú èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá dá gbogbo rẹ̀ dúró lọ́jọ́ kan náà láìbá a sọ ọ́, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Ẹ fún ìyá ní gbólóhùn kan: "A ti jọ fẹnu kò pé mi ò ní dáhùn èyí, ọmọ mi. Wá bá mi ṣa ẹ̀fọ́."

Ẹ lọ bá pásítọ̀ àti alfa kí wọ́n tó gbọ́ pé ẹ ń sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954 ni Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ti bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ará abúlé ṣiṣẹ́, kò bá wọn jà. Pásítọ̀ tó bá yé pé àdúrà ìtúsílẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ti di àṣetúnṣe fún ọmọ ìjọ rẹ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ tí èmi ò lè sọ: "Àdúrà ẹ̀ẹ̀kan tó. Mi ò ní gbà á fún ẹ lẹ́ẹ̀kejì." Alfa lè ní kí ó ṣe àlùwàlá kan, kí ó má sì wẹ̀yìn. Láti ẹnu wọn, ó ń wọlé ju tiwa lọ.

Ti oògùn kò gùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín kọ́ ni yóò kọ ọ́, oníṣègùn ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé fluoxetine àti sertraline ń ṣiṣẹ́, pé ìwọ̀n tí OCD ń fẹ́ sábà máa ń ga ju ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lọ, àti pé ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí a tó lè sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ń jù ú nù ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹni tí Y-BOCS rẹ̀ ga, tàbí tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti wọ̀ lára, kí wọ́n kọ̀wé fún un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: lẹ́yìn kíláàsì

Mi ò ṣe ìdánwò aláfọwọ́kọ. Ẹ jókòó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ nígbà aláìsàn àkọ́kọ́. Fún èkejì àti ẹ̀kẹta, kí ó gba ohùn ìjókòó náà sílẹ̀ lórí fóònù, bí aláìsàn bá gbà, kí ẹ sì jọ gbọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin pẹ̀lú agolo àti èkùrọ́ yín. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, kí ó tún Y-BOCS ṣe. Bí ó bá fi ìdá 35 nínú 100 wálẹ̀, bíi kí ó ti 28 bọ́ sí 18, ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́.

Bí ìjókòó mẹ́fà bá kọjá tí nọ́ńbà náà kò mira, ẹ má tíì dá aláìsàn lẹ́bi, ẹ má sì tíì pààrọ̀ ìtọ́jú. Ẹ kọ́kọ́ wá àṣetúnṣe inú tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi aláìsàn bóyá ó máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí olùtọ́jú rẹ̀ lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì ní kí olùtọ́jú náà ka ohun tó fi fèsì síta fún yín.